Bí ẹ ṣe lè fi àwòrán PET-CT mọ ibi tí ìtọ́jú lìmfómà ń forí lé

Nínú gbogbo jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀, lìmfómà ni àwòrán wúlò fún jù lọ. Lùkímíà máa ń fọ́n ká inú ẹ̀jẹ̀ àti mùdùnmúdùn eegun, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ti mùdùnmúdùn náà ló sì ń tú àṣírí rẹ̀. Lìmfómà ní tirẹ̀ máa ń ṣù sí ọrùn, abíyá, àyà, ikùn tàbí itan. Ohun tó bá ti ṣù, tí a ó máa pè ní kókó, ṣeé yà láwòrán, ó ṣeé wọ̀n, ó sì ṣeé fi wé ti oṣù tó kọjá. Oríṣi méjì la ó gbájú mọ́ níbí: Hodgkin, àti diffuse large B-cell lymphoma tí a ó máa pè ní DLBCL. Ọ̀rọ̀ yìí kan ẹni tó ń ya àwòrán, ẹni tó ń kà á, dókítà tó ń kọ oògùn, àti akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ fi nọ́ńbà inú àwòrán ṣe ìwádìí.

Àárọ̀ ọjọ́ tí wọ́n ya àwòrán ni àṣìṣe ti ń wọlé jù. Aláìsàn mu tíì oníṣúgà kó tó wá, ẹnikẹ́ni ò gbé e sórí ìwọ̀n, aago yàrá abẹ́rẹ́ sì yàtọ̀ sí ti ẹ̀rọ. Ìṣirò tó dáa tó lágbàáyé kò lè wo irú àwòrán bẹ́ẹ̀ sàn. Nítorí náà, ibẹ̀ la ó ti bẹ̀rẹ̀.

Ohun tí ẹ̀rọ náà ń rí

FDG ni orúkọ oògùn tí a ń gún sínú iṣan. Ṣúgà ni, tí wọ́n so fluorine-18 mọ́. Sẹ́ẹ̀lì lìmfómà máa ń jẹ ṣúgà lójú méjèèjì. Yóò gbé FDG mì bíi ṣúgà gidi, ṣùgbọ́n kò ní lè lò ó tán, FDG á sì há síbẹ̀. Ìtànṣán tó ń jáde láti ibi tó há sí ni PET, apá kìíní ẹ̀rọ náà, ń mú. CT, apá kejì tó ń ya ìrísí inú ara lórí bẹ́ẹ̀dì kan náà, ló ń sọ ẹ̀yà ara tí ibi tó ń tàn náà wà. Agbára fluorine-18 máa ń dín sí ìdajì láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 110, ìdí nìyẹn tí aago fi ṣe pàtàkì tó bẹ́ẹ̀.

Bí a ṣe ń múra aláìsàn sílẹ̀

Kí aláìsàn má jẹun, kó má sì mu ohunkóhun tó ní ṣúgà, fún wákàtí 4 ó kéré tán; ọ̀pọ̀ ibùdó ń béèrè wákàtí 6. Omi lásán kò léèwọ̀, ó tiẹ̀ yẹ kó mu ún dáadáa kí ìtọ̀ lè fọ oògùn tó ṣẹ́ kù jáde. Ẹ bi í léèrè ní tààrà nípa súìtì, ṣingọ́ọ̀mù àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò, nítorí ọ̀pọ̀ èèyàn kò ka ìwọ̀nyí mọ́ oúnjẹ.

Ẹ wọn ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kí ẹ tó gún un. Tó bá ju 11 mmol/L lọ, ìyẹn nǹkan bíi 200 mg/dL, ẹ fún un ní ọjọ́ mìíràn. Ṣúgà tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ máa ń bá FDG du ẹnu ọ̀nà sẹ́ẹ̀lì. Ìmọ́lẹ̀ kókó yóò wá kéré sí bó ṣe yẹ, ẹ ó sì rò pé oògùn jẹjẹrẹ ti ṣiṣẹ́. Ẹ má sì fi insulin sáré gbé ṣúgà náà wálẹ̀ kí ẹ wá gún FDG lé e lórí. Insulin á ti FDG wọ inú iṣan ẹran ara, apá àti itan á máa tàn, ohun tó kù fún kókó á kéré. Metformin, oògùn àtọ̀gbẹ, máa ń mú kí ìfun tàn. Bí ikùn bá wà lára ibi tí ẹ fẹ́ wò dáadáa, kí dókítà tó ń tọ́jú àtọ̀gbẹ rẹ̀ pinnu bóyá wọ́n lè dá a dúró fún wákàtí 48.

Kí aláìsàn má sáré, kó má gbé ẹrù wúwo láti ọjọ́ tó ṣáájú. Kí ara rẹ̀ móoru pẹ̀lú. Òtútù máa ń jí irú ọ̀rá kan tó wà lọ́rùn àti léjìká dìde, ọ̀rá náà á máa jẹ ṣúgà láti mú ara gbóná, yóò sì tàn bíi kókó lìmfómà gẹ́lẹ́. Òtútù oyé Yúróòpù ń fà á, yàrá tí ẹ̀rọ amúlétutù ti pọ̀ jù náà ń fà á. Ẹ fún un ní aṣọ ìbora láti ìgbà tó bá ti dé.

Ẹ gbé e sórí ìwọ̀n lọ́jọ́ náà gan-an. Ẹ má bi í pé kílò mélòó ni, nítorí kẹ́mò (oògùn jẹjẹrẹ) máa ń jẹ ara èèyàn, kílò tó mọ̀ lè jẹ́ ti oṣù mẹ́ta sẹ́yìn.

Iye oògùn tí a ń gún dá lórí kílò aláìsàn àti irú ẹ̀rọ tí ẹ ní. Bí ibùdó yín bá ń lo 3.5 MBq (mílíọ̀nù Bq, ìwọ̀n agbára ìtànṣán) fún kílò kọ̀ọ̀kan, ẹni tó jẹ́ 70 kg yóò gba 245 MBq. Lẹ́yìn tí ẹ bá gún un, ẹ wọn èyí tó ṣẹ́ kù nínú síríńjì, kí ẹ yọ ọ́ kúrò. Kó dùbúlẹ̀ jẹ́ẹ́ fún 60 ìṣẹ́jú, kó má sọ̀rọ̀ púpọ̀, kó má jẹ nǹkankan lẹ́nu. Kó lọ tọ̀ kó tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ẹ ya á láti ìsàlẹ̀ agbárí dé àárín itan. Nígbà tó bá padà wá fún àwòrán kejì, ẹ̀rọ kan náà ni kẹ́ ẹ lò, ètò kan náà, iye oògùn tó súnmọ́ ti àkọ́kọ́, kí àkókò ìdúró má sì fi ju ìṣẹ́jú 10 yàtọ̀.

SUV, nọ́ńbà tí gbogbo ìyókù dúró lé

SUV ń sọ iye ìlọ́po tí oògùn fi pọ̀ ní ibì kan ju bí ì bá ṣe rí ká ní ó tàn káàkiri ara dọ́gbadọ́gba. Ẹ mú iye oògùn tó wà nínú mílílítà kan níbi tí ẹ ń wò, ẹ fi kílò aláìsàn ní gíráàmù lọ́po rẹ̀, kí ẹ wá fi iye tí ẹ gún pín in. Fún ẹni 70 kg tó gba 245 MBq, tí 5 MBq sì kù nínú síríńjì, 240 MBq ló wọ ara. Bí ibi tó ń tàn bá ní 24,000 Bq nínú mílílítà kan, SUV rẹ̀ jẹ́ 24,000 × 70,000 ÷ 240,000,000, ìyẹn 7.0.

Àmọ́ àkókò kan náà ni ìwọ̀n méjèèjì gbọ́dọ̀ jẹ́ ti. Bí ẹnì kan bá gbàgbé láti ṣírò agbára tó dín láàárín wákàtí kan tí aláìsàn fi dúró, 7.0 yẹn yóò di nǹkan bíi 4.8. Bí aago yàrá abẹ́rẹ́ bá fi ìṣẹ́jú 20 yàtọ̀ sí aago ẹ̀rọ, SUV gbogbo ara ti fi nǹkan bíi 12% ṣì. Bí ẹ bá kọ 60 kg dípò 70, 7.0 di 6.0. Ẹ jẹ́ kí ẹnì kan máa dá aago méjèèjì pọ̀ láràárọ̀. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni.

Ìgbà mẹ́ta tó yẹ ká ya á

Àkọ́kọ́ ni kí kẹ́mò tó bẹ̀rẹ̀. Láìsí i, kò sí ohun tí a ó fi wé àwòrán tó kù. Steroid (oògùn tó ń pa wíwú) gan-an lè pa ìmọ́lẹ̀ kókó láàárín ọjọ́ díẹ̀. Bí ara aláìsàn bá lè gbà á, ẹ ya àwòrán kí ẹ tó fún un.

Ẹlẹ́ẹ̀kejì ni àárín ìtọ́jú, fún Hodgkin lẹ́yìn ìpele kẹ́mò méjì. Ẹ fi sí ọjọ́ tó súnmọ́ kẹ́mò tó kàn jù lọ, kí ara lè ti rọlẹ̀. Ẹ̀kẹta ni ìparí: ọ̀sẹ̀ 6 sí 8 lẹ́yìn kẹ́mò tó gbẹ̀yìn, àti nǹkan bí oṣù 3 lẹ́yìn ìtọ́jú onítànṣán, nítorí ibi tí ìtànṣán jó máa ń wú, ó sì máa ń tàn. Abẹ́rẹ́ G-CSF tí a fi ń gbé sẹ́ẹ̀lì funfun dìde máa ń mú kí gbogbo mùdùnmúdùn eegun tàn. Ẹ fún un ní ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ọlọ́jọ́ kúkúrú.

Òṣùwọ̀n Deauville

Lọ́dún 2009, àwọn onímọ̀ pàdé ní ìlú Deauville ní ilẹ̀ Faransé, wọ́n sì fẹnu kò sí òṣùwọ̀n onípele márùn-ún. Ọdún 2014 ni ìlànà Lugano sọ ọ́ di ti gbogbo ayé. Ohun tó mú un lágbára ni pé ara aláìsàn fúnra rẹ̀ la fi ń wọn ara rẹ̀. Ibi méjì ni ẹ óò máa wò: ẹ̀jẹ̀ inú aorta, iṣan ńlá tó gba àárín àyà kọjá, àti ẹ̀dọ̀.

1: ibi tí àrùn wà tẹ́lẹ̀ kò tàn ju àyíká rẹ̀ lọ.
2: ó tàn, kò ju ẹ̀jẹ̀ àárín àyà lọ.
3: ó ju ẹ̀jẹ̀ àárín àyà lọ, kò ju ẹ̀dọ̀ lọ.
4: ó fi díẹ̀ ju ẹ̀dọ̀ lọ.
5: ó ju ẹ̀dọ̀ lọ gan-an (ọ̀pọ̀ ń lo ìlọ́po méjì sí mẹ́ta), tàbí kókó tuntun ti jáde.
X: ibi tuntun ń tàn, ṣùgbọ́n kò jọ lìmfómà.

Kókó tó ń tàn jù lọ nínú gbogbo ara ló ń pinnu. 1 sí 3 túmọ̀ sí pé kókó ti dákẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé CT ṣì ń fi wúwú hàn. 4 àti 5 túmọ̀ sí pé nǹkan kan ṣì ń jẹ ṣúgà níbẹ̀. Ẹ má fi ojú nìkan ṣe é tó bá wà ní ààlà 3 sí 4. Kókó tó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkàn, tí ọkàn ń tàn bí àtùpà, yóò dà bí ẹni pé ó ṣókùnkùn ju bó ṣe jẹ́ lọ. Lórí kọ̀ǹpútà, ẹ fa bọ́ọ̀lù tó fẹ̀ tó 3 cm sínú apá ọ̀tún ẹ̀dọ̀, níbi tí kò ti sí kókó, ẹ ka SUV rẹ̀, kí ẹ fi wé ti kókó náà. Níbi tí ìpinnu tó ń bọ̀ bá jẹ́ láti dín ìtọ́jú kù, àwọn ìwádìí kan ka 3 mọ́ èyí tí kò tíì dákẹ́, ìṣọ́ra tó sì bọ́gbọ́n mu nìyẹn.

Báwo ni òṣùwọ̀n yìí ṣe ń sọ ọjọ́ iwájú? Lọ́dún 2007, Gallamini àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde lórí aláìsàn Hodgkin 260. Nínú àwọn tí PET wọn ti dákẹ́ lẹ́yìn ìpele méjì ABVD (àkójọ oògùn kẹ́mò mẹ́rin fún Hodgkin), 95% ni àrùn kò padà wá bá láàárín ọdún méjì. Nínú àwọn tí tiwọn ṣì ń tàn, 12.8% péré. Ọ̀nà tí wọ́n fi ka àwòrán nígbà yẹn kì í ṣe Deauville, ṣùgbọ́n ìyàtọ̀ náà tóbi débi pé gbogbo ayé dìde sí i.

Lẹ́yìn náà ni RATHL dé, ìwádìí tí Johnson darí, tó jáde lọ́dún 2016. Wọ́n pín àwọn tó gba 1 sí 3 sí ọ̀nà méjì: àwọn kan ń bá ABVD lọ, àwọn kan fi bleomycin, ọ̀kan nínú oògùn ABVD, sílẹ̀ nítorí ó máa ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, 85.7% àti 84.4% ló wà láìsí àrùn tó padà. Àwọn tó gba 4 àti 5 bọ́ sórí BEACOPP tó le ju ABVD lọ, 67.5% nínú wọn sì wà bẹ́ẹ̀. Ẹ̀kọ́ méjì ló wà níbẹ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání. Àwòrán tó dákẹ́ kò gba gbogbo èèyàn là: nínú 100, bíi 15 ni àrùn ṣì bá. Àwòrán tó ń tàn pẹ̀lú kì í ṣe òpin ayé, nítorí ìtọ́jú tí a yí padà lè yí ohun tó ń bọ̀ padà.

Ohun tó ń tàn tí kì í ṣe lìmfómà

FDG kò mọ jẹjẹrẹ. Ṣúgà ló mọ̀. Sẹ́ẹ̀lì tó ń bá àrùn jà náà ń jẹ ṣúgà. Ikọ́ ẹ̀gbẹ máa ń tàn dé Deauville 5, kókó ọrùn ẹni tó ní HIV tí kò tíì lo oògùn pẹ́ máa ń tàn káàkiri. Fún àwọn tó ń ka àwòrán àwọn ará Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, ì báà jẹ́ nílé tàbí ní Lọ́ńdọ̀nù, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Nínú àwọn ọ̀dọ́, thymus tó wà lẹ́yìn egungun àyà máa ń hù padà lẹ́yìn kẹ́mò, á sì tàn bí ewé tó là sí méjì.

Ibi tó bá ń tàn nígbà tí ìtọ́jú parí, tí ìpinnu tó kàn sì jẹ́ láti yí oògùn padà, ẹ gé díẹ̀ níbẹ̀ lọ yẹ̀ wò kí ẹ tó yí i, bó bá ṣeé dé. Kókó tó kéré sí 1 cm lè ní àrùn kó má tàn dáadáa, nítorí ẹ̀rọ máa ń da ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ti àyíká. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ pé ó kéré, ẹ má pè é ní mímọ́.

Bí SUV ṣe wálẹ̀ tó

Fún DLBCL, Deauville nìkan lè pariwo ju bó ṣe yẹ lọ ní àárín ìtọ́jú. Ẹ lè fi ìdínkù SUVmax (SUV tó ga jù lọ nínú kókó) kún un: ẹ yọ ti àárín ìtọ́jú kúrò nínú ti ìbẹ̀rẹ̀, ẹ fi ti ìbẹ̀rẹ̀ pín in. Lẹ́yìn ìpele méjì, ààlà tí wọ́n ń lò ni 66%; lẹ́yìn ìpele mẹ́rin, 70%. Láti 20 sí 5 jẹ́ 75%, ó dára. Láti 9 sí 3.6 jẹ́ 60%, kò dé ààlà, ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ ló kéré, kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Bí SUVmax ìbẹ̀rẹ̀ bá wà lábẹ́ 10, ẹ má gbára lé ọ̀nà yìí.

Wíwọn ìwọ̀n gbogbo àrùn

Àwòrán ìbẹ̀rẹ̀ ní iṣẹ́ tirẹ̀: ó ń sọ bí àrùn ṣe pọ̀ tó nínú ara, nǹkan tí wọ́n ń pè ní MTV. Ètò kọ̀ǹpútà ọ̀fẹ́ bíi LIFEx àti 3D Slicer lè ṣe é. Ẹ ṣí àwòrán náà, ẹ fi SUV 4.0 ṣe ààlà, ètò náà yóò mú gbogbo ibi tó dé 4.0 tàbí tó jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ààlà yìí ni mo yàn láàyò ju 41% SUVmax lọ, nítorí pé 41% máa ń gbà ju bó ṣe yẹ lọ níbi tí kókó kò ti tàn púpọ̀, á sì gé apá kan lára kókó tó tàn gan-an kúrò.

Lẹ́yìn èyí ni iṣẹ́ ọwọ́ dé. Ẹ yọ ọpọlọ, ọkàn, kíndìnrín, àpò ìtọ̀ àti ìfun tó ń tàn fúnra rẹ̀ kúrò, ìkọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú CT lójú. Àpò ìtọ̀ tí ẹ bá gbàgbé lè fi ọgọ́rùn-ún mílílítà kún iye náà, aláìsàn tí àrùn rẹ̀ kéré á wá bọ́ sáàárín àwọn tí ewu wọn pọ̀. Mùdùnmúdùn eegun, ẹ kà á mọ́ ọn nìkan tó bá tàn ní ojú kan pàtó. Spleen, ẹ̀yà ara tó wà lápá òsì ikùn, ẹ kà á tó bá ní ojú kan tó ń tàn, tàbí tí gbogbo rẹ̀ bá tàn ju ìlọ́po 1.5 ẹ̀dọ̀ lọ.

Iye ibi kéékèèké onígun tí ètò náà mú, tí wọ́n ń pè ní voxel, ni a ń fi ìwọ̀n ọ̀kan lọ́po. Voxel tó jẹ́ 4 mm ní ìhà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́ 0.064 mL, 5,000 rẹ̀ jẹ́ 320 mL. Nínú ìwádìí REMARC lórí DLBCL, 220 mL ni wọ́n fi ya ewu púpọ̀ kúrò lára ewu díẹ̀. Ẹ má gbé 220 yẹn lọ sórí Hodgkin, ẹ má sì gbé e sórí àwòrán tí ẹ fi ààlà tó yàtọ̀ sí ti REMARC (41% SUVmax) wọ̀n. Nọ́ńbà náà àti ọ̀nà tó bí i kì í yà. Ìwọ̀n mìíràn tó rọrùn ni Dmax, jíjìnnà tó wà láàárín kókó méjì tó jìnnà síra jù lọ. Ó ń sọ bí àrùn ṣe tàn ká tó, ohun tí MTV kò lè sọ.

Láti nọ́ńbà sí àsọtẹ́lẹ̀

Bí ẹ bá fẹ́ ṣe ìwádìí tiyín, ẹ kọ ìbéèrè náà sílẹ̀ kí ẹ tó ṣí àwòrán kankan: irú lìmfómà wo, oògùn wo, kí ni ẹ ń dúró dè, ọdún mélòó. Kí ẹni méjì ka àwòrán lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, kí wọ́n má mọ ẹni tó kú tàbí ẹni tó yè.

Ẹ fi IPI, òṣùwọ̀n ewu lìmfómà, ṣe ìpìlẹ̀, nítorí ó ti wà láti 1993, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan: ọjọ́ orí tó ju 60 lọ, LDH (èròjà ẹ̀jẹ̀ tó máa ń pọ̀ bí sẹ́ẹ̀lì bá ń bàjẹ́) tó ga, ara tí kò lè ṣiṣẹ́, àrùn ní ìpele III tàbí IV, àti àrùn tó wà ní ju ibì kan lọ lóde àwọn kókó lìmfù. Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ fi hàn ni pé àwòrán fi nǹkan kún ohun tí IPI ti mọ̀. IMPI, òṣùwọ̀n mìíràn tó jáde lọ́dún 2022, lo MTV, ọjọ́ orí àti ìpele àrùn pọ̀, kò sì gé MTV sí méjì. Ó fi í sílẹ̀ bí nọ́ńbà gidi. Ọ̀nà tó dára nìyẹn, nítorí ẹni tó ní 219 mL àti ẹni tó ní 221 mL kò yàtọ̀ síra.

Àṣìṣe mẹ́ta ló ń ba irú iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Èkíní, wíwá ààlà tó dára jù nínú àwọn aláìsàn kan, kí ẹ tún dán ààlà náà wò lára àwọn kan náà. Yóò dùn lójú, yóò sì wó lulẹ̀ ní ilé ìwòsàn kejì. Ẹ dán an wò lára àwọn aláìsàn ibòmíràn. Èkejì, kíka ọjọ́ láti ìgbà tí àrùn hàn nígbà tó jẹ́ pé PET àárín ìtọ́jú ni ẹ ń lò. Ẹni tó kú kó tó ya àwòrán kejì kò lè sí nínú ìṣirò, nítorí náà ọjọ́ àwòrán kejì ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà. Ẹ̀kẹta, kíkó ọgọ́rùn-ún nọ́ńbà inú àwòrán lé aláìsàn díẹ̀ lórí. Bí 40 bá wà tí àrùn padà bá, ẹ má kó ju nǹkan mẹ́rin lọ sínú Cox, ìṣirò tó ń wo iye ọjọ́ tó kọjá kí àrùn tó padà. Ìṣẹ̀lẹ̀ bíi 10 fún nǹkan kan ni òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń lò.

Níbi tí kò ti sí PET

CT tí a fi oògùn tó ń mú àwòrán hàn kedere yà ṣì ń ṣe púpọ̀. Kókó tó gùn ju 1.5 cm lọ ni ẹ óò máa wò. Ẹ yan mẹ́fà tó tóbi jù, ẹ fi gígùn lọ́po fífẹ̀ ìkọ̀ọ̀kan, kí ẹ ro wọ́n pọ̀. Ìdínkù 50% tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ túmọ̀ sí pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Ohun tí CT kò lè sọ ni bóyá kókó tó ṣẹ́ kù jẹ́ àpá lásán tàbí àrùn tó ṣì wà láàyè, nítorí náà ẹ fi LDH, ibà, òógùn òru àti kílò tó ń lọ sílẹ̀ tì í lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ohun tó yẹ kó wà nínú ìwé èsì

Ẹ kọ ṣúgà ẹ̀jẹ̀, kílò, iye oògùn tó wọ ara, ìṣẹ́jú ìdúró, ọjọ́ kẹ́mò àti G-CSF tó gbẹ̀yìn, Deauville àti kókó tó fà á, SUV ẹ̀dọ̀, MTV pẹ̀lú ààlà tí ẹ lò. Nígbà tí ẹ bá ń bá aláìsàn sọ̀rọ̀, ẹ fi iye èèyàn sọ ọ́, ẹ má fi ìpín nínú ọgọ́rùn-ún dẹ́rù bà á: “Ẹ̀yin mà, nínú 100 èèyàn tí àwòrán wọn rí bíi tiyín lẹ́yìn kẹ́mò méjì, nǹkan bíi 85 ni àrùn yìí kò padà wá bá láàárín ọdún mẹ́ta. Kò sí bí a ṣe lè mọ̀ lónìí ẹni tó máa wà lára 15 tó kù, ìdí nìyẹn tí a ó fi máa rí yín déédéé.”